Ínṣì Mẹ́ta

Èmi ni ìlú rán. Èmi ni mo gbé téèpù irin lọ́wọ́
wọ ẹ̀yìnkùlé Aili Karppinen
láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, oṣù Ọ̀wàrà,
tí afẹ́fẹ́ adágún Supíríọ̀ ń gbá ni létí bí ìyá tí inú ń bí.

Obìnrin náà ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Àtẹ̀gùn ilé ńlá jẹ́ mẹ́rìnlá; ó ní méje jẹ́ ti orúnkún ọ̀tún,
méje jẹ́ ti òsì.
Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju yàrá kan lọ:
kí gáráàjì tí Eino ọkọ rẹ̀ fi pákó kàn di ilé ẹ̀yìnkùlé,
ibùsùn kan, sítóòfù kan, fèrèsé tó kọjú sí igi àpù,
kí Saara ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé ìkókó rẹ̀ wọ ilé ńlá,
kí igbe ọmọ máa la orí koríko kọjá wá bá a lóru.
“Mi ò fẹ́ jìnnà,” ó wí. “Mi ò sì fẹ́ wà nínú ariwo.”

Mo ṣí ìwé òfin ìlò ilẹ̀, abala kọkàndínlógún:
ilé kékeré kò gbọdọ̀ ju ìdajì ilé ńlá lọ;
òrùlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju ti ìyá rẹ̀;
ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sùn ní ọ̀kan nínú méjèèjì;
àyè ọkọ̀ kan, bí onílé kò tilẹ̀ ní ọkọ̀
(Aili ti ta tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ kò mọ iná pupa mọ́);
láti ògiri dé ààlà, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún.

Mo na téèpù. Mo tún un nà.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ínṣì mẹ́sàn-án.

Ínṣì mẹ́ta. Ìka àárín mi gùn jù ú lọ.

Ní gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, Verlyn Brandvold aládùúgbò dìde,
fìlà lọ́wọ́, ó ka ohun tó kọ sẹ́yìn àpò lẹ́tà:
òjìji yóò bo tòmátò òun, àjèjì yóò máa wá yálé,
ilé kan, ìdílé kan, ni a ṣe bá òpópó yìí.
Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́yìn pátápátá,
èyí tó ń sùn nínú ọkọ̀ nítòsí ilé-ìkàwé.
Ooru gbọ̀ngàn ló wá yá. Kò pàtẹ́wọ́. Kò sí abala tirẹ̀
nínú ìwé tí mo gbé.

Alága bi mí: kí ni mo rí?
Mo ní, ó ku ínṣì mẹ́ta. Ohùn mi dún bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì.

Oúnjẹ alẹ́ kò lọ.
Ààlà ni òfin wí; ọgbà ni mo wọ̀n.
Ta ló sọ fún mi pé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ilẹ̀ mọ́, yìnyín àkọ́kọ́ ti bọ́. Mo ń fi ṣọ́bìrì wá irin ààlà
tí àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ní ó wà níbẹ̀.
Verlyn wò mí títí, ó wọlé, ó gbé dígà jáde.
“Ilẹ̀ ti ń dì. O ò lè fi ìyẹn gbẹ́ ẹ.”
Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ: kó.
Irin lu irin, ínṣì mẹ́rìnlá sí òdìkejì ọgbà,
láàárín ebè tòmátò rẹ̀.

Ó dúró. “Bàbá mi ló ri òpó yìí.”
Aili ti jáde pẹ̀lú ife kọfí, slípáàsì nínú yìnyín.
“Mo mọ̀. Eino mọ̀. Ogójì ọdún la fi mọ̀.
Tòmátò kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sí kóòtù.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ínṣì mọ́kànlá.
Kò sẹ́ni tó fa òpó kankan tu.
Verlyn kò bẹ̀bẹ̀, kò sì dúpẹ́. Ó nu dígà rẹ̀ mọ́ koríko,
ó tọ́ka sí ògiri gáráàjì.
“Fèrèsé yẹn,” ó wí, “ṣé yóò ní aṣọ?”