Ìjókòó Keje

Rédíò ló sọ ọ́ fún mi lówùúrọ̀ Ọjọ́rú,
bí mo ti ń bó èèpo ẹ̀wà tútù sínú abọ́:
wọ́n ti fọwọ́ sí òfin náà ní Adelaide.
Ẹni tó bá pa ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀
kò ní lè dìde mọ́ níwájú adájọ́, kó ní,
"Ó dẹnu ìfẹ́ kọ mí, orí mi bá dàrú."
Mo pa rédíò. Ẹ̀wà ń já bọ́ ní ìka mi.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.
Èmi ni mo jókòó sórí ìjókòó keje.
Méjìlá ni wá: apẹja méjì, olùkọ́ kan,
bàbá kan tó ń rẹ́ irun àgùntàn
tí òórùn ọ̀rá irun náà kò kúrò lára aṣọ ìjáde rẹ̀.
Èmi ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé nígbà náà.
Kò sí ìkà nínú wa. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Desmond Kuhlmann lórúkọ olóògbé.
Títún ohùn píánò ṣe niṣẹ́ rẹ̀. Láti Port Pirie dé Quorn,
kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ti fi etí lé píánò wọn láyà
bí dókítà tó ń gbọ́ èémí ọmọ.
Ó tún tèmi náà ṣe rí.
Mi ò sọ ìyẹn fún adájọ́.

Kóòtù àyálò ni ọmọkùnrin náà wọ̀ wọ kóòtù,
apá rẹ̀ gùn dé èékánná.
Ó ní: "Ó gbọ́wọ́ lé mi lórúnkún."
Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan, orúnkún kan.
Agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé ọwọ́ náà sókè níwájú wa,
ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn,
bí ẹja tí a ń ná,
títí ọwọ́ náà fi wúwo
ju irin tí ọmọ náà jù lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.
"Ta ni nínú yín," ó ní, "tí inú kò ní bí?"
Àwọn ọkùnrin wolẹ̀.

Èmi kò wolẹ̀. Mo ń ka orúnkún tèmi.
Ọ̀gá tó ń pín bọ́ọ̀sì fún wa,
alàgbà tó máa ń jókòó tì mí níbi ìdánrawò akọrin,
dókítà eyín, ọkọ àbúrò mi lọ́jọ́ Kérésì.
Bí ọwọ́ lórúnkún bá tó ohun tí a fi ń pààyàn,
ilẹ̀ ìsìnkú ìlú wa kò bá ti gba ọkùnrin mọ́.
Èmi a kàn sún sẹ́yìn lórí àga.
Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu mi nínú yàrá náà.
Mo fi bísíkíìtì tì í wọlé.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá... ẹ mọ ìyókù.
Òkú kò rojọ́, ilẹ̀ ń ṣú,
màlúù ẹnìkan ń retí ẹni tí yóò fún wàrà rẹ̀,
a bá kọ ọ́ síwèé pé kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á.
Ọdún mẹ́ta àbọ̀.
Ó ṣe é tán, ó jáde, ó gbéyàwó.
Mo máa ń bá a pàdé nílé epo.
Ó ń kí mi, mo sì ń dáhùn.

Irmgard, ẹ̀gbọ́n olóògbé, kò sunkún lọ́jọ́ náà.
Ó kàn bi akọ̀wé bóyá wọ́n lè dá irin oníga méjì padà,
èyí kékeré tí àbúrò òun fi ń wá ohùn.
Wọ́n ní ẹ̀rí ni, kó ṣì ní sùúrù.

Òfin dára. Kí wọ́n máa ṣe é lọ ní ìlú gbogbo.
Ṣùgbọ́n òfin kì í wẹ̀yìn,
àfi èmi, tí mo mọ ilé tí Irmgard ń gbé,
tí mo ti wọ bàtà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí,
tí mo sì bọ́ ọ.
Ọ̀wọ̀ ló tọ́ sí i. Ọwọ́ la kà sí i lọ́rùn.
Tèmi rèé lórí tábìlì,
èyí tí mo nà sókè nígbà tí wọ́n ní ta ló gbà.
Àwọ̀ ewé ẹ̀wà ti há sí i léèékánná.