Àyè Ò Tó

Lẹ́búlẹ́bú gẹdú ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀.
Ó bà lé mi níwájú orí, ó bà lé àpò irinṣẹ́ mi,
ó bo kọ̀ǹpútà Alàgbà Ọ̀nàfẹ̀sọ̀
tó ti jókòó sí igun ọ́fíìsì yẹn ní Òkè-Sópẹ̀n
láti ìgbà tí mo ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ sí Àtìkòrí.

"Kí ló ń ṣe é, bàbá?"
"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Bí mo bá ní kó ṣí lẹ́tà kan,
n ó lọ wọn pákó níta, n ó padà dé,
kò tíì ṣí."

Mo wo inú rẹ̀. Àká lẹ́tà ti wú
bíi gààrí tí wọ́n rẹ tí wọ́n gbàgbé.
"Ẹ kì í pa lẹ́tà rẹ́ ni?"
"Àràárọ̀ ni mo ń pa á rẹ́!
Àwọn olóògùn jẹ̀díjẹ̀dí,
àwọn opó olówó òkè òkun tí ò mọ̀ mí rí
tó ní àwọn fẹ́ fi ogún sílẹ̀ fún mi."

Bàbá, bí ẹ bá hú ẹ̀gẹ́ lóko,
ṣé ilẹ̀ ń di ara rẹ̀ ni?
Lẹ́tà ti lọ, kòtò rẹ̀ ò lọ.
Kòtò ọdún mẹ́tàlá ni ẹ̀rọ yìí ń fò kọjá
kó tó bá yín mú ẹyọ kan wá.
Ẹ jẹ́ ká mi àpò, kí gààrí ó rọlẹ̀.

Mo tẹ bọ́tìnì. Ó lọ díẹ̀, ó dúró.
Ó ní ẹnìkan ń lo fáìlì náà lọ́wọ́.
Ta ni? Èmi àti bàbá nìkan la wà níbẹ̀.
Mo wá a títí mo fi bá a:
ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ kòkòrò,
ó di àká mú, ó ń tú u wò lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn,
bí aṣọ́bodè tó dá onílé dúró lẹ́nu géètì onílé.
Mo ní kó lọ sinmi.

Ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún.
Ìdá mọ́kàndínlógún.
Ó bá kọ ọ́ gàdàgbà sójú gíláàsì: ÀYÈ Ò TÓ.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí àyè náà là ń wá?"
Bẹ́ẹ̀ ni, alàgbà.
Ẹni tó fẹ́ tún yàrá ṣe
ní láti rí yàrá mìíràn kó ẹrù sí ná.
Mo so àpótí kékeré tèmi mọ́ ọn, a tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n mú iná.

Ọpẹ́ ni pé mo ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà.
Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbé ohùn sókè,
mo da ìtọ́ka àtijọ́ nù, mo ní kí ẹ̀rọ
pe orúkọ gbogbo lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀, má fo ìkankan.
Wọ́n ń jáde. Ọ̀kan dúdú kirikiri láàrin wọn,
àmì pé ojú kankan ò kà á rí:
Ṣówẹ̀mímọ́, Ìpẹru, ọdún méjìlá sẹ́yìn.

*Ẹ̀gbọ́n mi, òjò ti ba iṣẹ́ náà jẹ́.
Ẹ fi oṣù méjì sí i fún mi lórí owó pákó apá yẹn.
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di ìjà.*

Ó ti di ìjà. Kò sí onígẹdú tí ò mọ̀.
Nílé òkú, ọ̀kan á kọjú sí ọ̀nà,
èkejì á kọjú sí ògiri.
"Kò tilẹ̀ kọ̀wé," ni bàbá ń wí láti ọjọ́ náà.

Ó yọ awò ojú, ó nù ún. Lẹ́búlẹ́bú ni, ó ní.
Ó bi mí léélòó ni iṣẹ́ mi. Mo dá iye kan,
ó sì san án bẹ́ẹ̀, òun tí kì í ra ìṣó láìnájà.
Ó dé fìlà. Ó béèrè bóyá ọkọ̀ Ṣágámù
ṣì wà ní gáréèjì ní irú àsìkò yìí.

Èmi dúró ti ẹ̀rọ títí ó fi parí.
Jígábáìtì mọ́kànlá di mẹ́rin.
Méje tó lọ, òfìfo ni gbogbo rẹ̀.
Níta, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í la ìtì igi,
lẹ́búlẹ́bú tún ń bọ̀ wá bà lé
ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.