Ìlú Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Bàbá Tackett kọ̀, kò gba oògùn
lóru ọjọ́ Ẹtì yẹn.
Ó ní kí n kọ́kọ́ fa dúrọ́ọ̀ òun,
kí n tọwọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú.
Òkúta kan ló jábọ́ sí mi lọ́wọ́,
roboto, ó dán bí orí ìkókó,
àárín rẹ̀ jin wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì
bí àwo ọbẹ̀ tí ọmọdé lá mọ́.

"Ọmọ ogún ọdún ni mí," ó ní,
"à ń la títì márosẹ̀, katakata ń tú ilẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀.
Mo rí i, mo tì í bọ àpò.
Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta rèé. Ìyàwó mi kú, kò gbọ́ nípa rẹ̀.
Bá mi dá a padà."

Wọ́n ní eré ni wọ́n fi ń ṣe láyé ọjọ́un:
ẹnìkan á yí i gbirigbiri lórí pápá,
àwọn yòókù á ju ọ̀kọ̀
síbi tí wọ́n rò pé yóò dúró sí.
Ta ló jù ú kẹ́yìn? Ta ló jẹ?
Mo ń rò ó títí mo fi wọn ìfúnpá bàbá lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, n kò wakọ̀ lọ sílé.
Mo gba Collinsville kọjá,
níbi tí wọ́n gbé ìgò sọ́ọ̀sì tòmátì onírin
tó ga ju ọ̀pẹ méjì lọ dúró sí.
Tọmọdé tàgbà ló mọ orúkọ ìgò yẹn.
Ṣùgbọ́n òkè tó wà níwájú,
tí wọ́n fi agbọ̀n ru yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ,
agbọ̀n lé agbọ̀n, ọrùn ń wọ ọrùn bọ ara,
àti ìlú tó yí i ká
tí wọ́n ní kò kéré sí London ìgbà náà,
a ò mọ ohun tí àwọn onílé ń pè é.
Cahokia? Orúkọ àwọn tó dé bá ahoro ni.
Bí ẹni fi orúkọ ayálégbé pe ilé onílé.

Mo gun àtẹ̀gùn, ó ju àádọ́jọ lọ,
bàtà iṣẹ́ ń han mí létí.
Lókèèrè, irin St. Louis tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́
bí ọwọ́ garawa tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Kí ló lé wọn lọ?
Ẹnìkan ní odò ló kún. Òmíràn ní ọ̀dá ni.
Ẹlòmíràn ní ìjà abẹ́lé; kò rí òkú ogun kankan fi hàn wá.
Nígbà tí ogun tú ìlú àwọn baba ìyá mi,
wọ́n ru orúkọ rẹ̀ lọ sábẹ́ òkúta,
wọ́n tún un gbìn, ó di àdúgbò.
Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?
Àwọn Osage ní baba ńlá àwọn gbé ibẹ̀.
Bóyá wọ́n mọ orúkọ náà,
tí wọn ò kàn fẹ́ fi lé àlejò lọ́wọ́.
N kò dá wọn lẹ́bi.
"Fey" ni wọ́n kọ sí àyà mi níbi iṣẹ́.
Fẹ̀hìntọlá ń bẹ nílé, ó ń sinmi.

Ilẹ̀kùn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní títì pa.
Mo jókòó sórí koríko tó tutù,
òkúta náà ń gba ooru lọ́wọ́ mi.

Lálẹ́, bàbá ní: "O dá a padà?"
Mo ní ó di ọjọ́ Ajé.
Ó mi orí. "Kò burú. Verna ò ní bínú."
"Ta ni Verna?"
Ó tọ́ka sí àpò mi,
ó yíjú sí ògiri,
ó sùn.