Ahọ́n Bàtà

Lẹ́yìn ojú-irin Láfẹ́nwá, níbi tí òórùn kẹrosíìnì
ti wọ ara ògiri tí kò jáde mọ́,
Bùráímọ̀ Ṣóétán gba sítóòfù bàbá mi,
ó mì í létí bí ẹni ń wá omi nínú àgbọn.
"Idẹ gidi. Ta ló ni ín?"

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni bàbá mi.
Ọdún méjìdínlógún nínú àgọ́, láti Ìmẹ̀kọ dé etí odò Ọyán,
èyí ló fi ń se tíì
nígbà tí ìrì bá ń sẹ̀ sórí ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀.
Mo ti wá imú rẹ̀ dé Kútọ̀;
ọmọdé kan fi gáàsì lọ̀ mí, ó rẹ́rìn-ín.

Bùráímọ̀ kò rẹ́rìn-ín.
Ó da agolo mílíìkì kan sílẹ̀: òkú imú sítóòfù, wọ́n lé ní ogún.
"Lára àwọn bàbá ni mo ti ń wo ojú ọmọ."
Ó mú ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọ́n yọ nínú ilé tó wó ní Ìjẹmọ̀,
ó fi fáìlì rẹ́ ẹ, ó rẹ́ ẹ,
ìdajì ọ̀sán bá eruku idẹ lọ.
Ihò ni wàhálà. Tó bá tóbi, èéfín. Tó bá kéré, ikọ́.
Ẹyọ irun kan nínú okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi lu ú.

"Awọ pọ́ọ̀mpù ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.
Lọ mú bàtà wá. Bàtà tó ti rìn."

Mo gbé bàtà iṣẹ́ bàbá mi dé,
amọ̀ ibi tí n kò mọ̀ ṣì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀.
Ahọ́n rẹ̀ ni Bùráímọ̀ gé,
róbótó, ihò láàárín, bí ọ̀níní ayé ìjọ́un,
ó rẹ ẹ́ sínú òrí di ọjọ́ kejì.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀. Ẹ bi ìyá mi.
A ti oko ìwọnlẹ̀ dé, a bọ́ bàtà, a dákẹ́.

Bùráímọ̀ fa pọ́ọ̀mpù, ó ṣáná sí i.
Iná pọ́n, ó fò, ó fẹ́ jẹ irùngbọ̀n rẹ̀,
lẹ́yìn náà ó balẹ̀, ó di búlúù,
ó ń hó ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀, láìmí,
bí ẹni tó ti há ọ̀rọ̀ sọ́nà ọ̀fun láti ọjọ́ yìí.
Rélùwéè kọjá. N kò gbọ́ ọ.

"Yóò jò lábẹ́ níbí tójò bá dé. Gbé e padà wá.
N kò gbowó awọ, tìrẹ ni."
Ó nawọ́ láti pa á.
Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó sọ tán.