Orúkọ Mẹ́ta fún Igi Kan

Pẹ́ńsùlù mi ti kúrú, mo ṣì ń ya ewé.
Ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé láti ọ̀nà Tánkẹ̀,
eruku ń bà lórí òkúta tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì nù láàárọ̀.
Òkúta dúdú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ;
inú kòtò èédú ìlú òtútù ni wọ́n ti wà á,
ọkọ̀ òkun gbé e wá kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí nǹkan fọwọ́ kàn.

Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi:
igi ewé náà là sí méjì nítòsí ìdí,
apá kọ̀ọ̀kan tún ya ọwọ́ sọ́tùn-ún, sósì.
Ọmọ ewé rẹ̀ rí roboto,
etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje.
Iṣan àárín kò dé ṣónṣó,
ó ti tú ká kó tó débẹ̀
bí odò Ọ̀yún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹni tó bá rí i á ní ọmu ni.
Èmi náà wí bẹ́ẹ̀.
Ọmu ara ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀fà,
tí mo máa ń dojú rẹ̀ dé nígbà èwe
kí n lè fọwọ́ ra lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́,
tí ìyá mi á ní, "Kí lò ń wá? Ọmu kì í so."

Èyí so.
Ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó so.
Òkúta kejì nìyí nínú dúrọ́ọ̀:
kóró kan, mìlímítà márùn-ún àbọ̀,
ó jókòó sínú ife tí ewé fi ara rẹ̀ ká.
Ẹ̀kẹta rèé: àpò àtíkè mẹ́fà, wọ́n dorí kodò,
wọ́n ti là, wọ́n ti tú ẹrù wọn sáfẹ́fẹ́,
wọn ò mọ ẹni tó gbà á.

Ewé ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé.
Kóró ní tirẹ̀. Àpò náà ní tirẹ̀.
Kò tíì sẹ́ni tó bá wọn lórí ẹ̀ka kan náà,
nítorí náà a kì í da orúkọ wọn pọ̀. Òfin iṣẹ́ ni.

Bàbá mi, Bùráímọ̀ ni ní Ọ̀fà.
Ní Tàmálè, Màìgórò ni wọ́n ń pè é.
Lọ́dún tí wọ́n lé wọn ní Gánà, àpótí kan ló gbé dé.
Ohun tí kò wọ inú àpótí, kò sọ ọ́.

Mo tún fi awò wo òkúta kìíní.
Lára igi ewé, kókó kéékèèké,
ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí roboto, bí abẹ́rẹ́ onílẹ̀kẹ̀.
Mo gbé òkúta kejì síbẹ̀.
Lára ife kóró, kókó kan náà. Ẹsẹ̀ kan náà. Orí kan náà.
Mo ka wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ọjọ́ tí Sàlámátù dé ẹnu ọ̀nà wa,
bàbá ti tó ọdún mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀.
Hausa ló ń sọ, Yorùbá rẹ̀ kò ju ẹ kú ilé lọ.
Àwọn àbúrò bàbá ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá.
Ó ní kò sí ìwé.
Ìyá mi dìde, ó ká gèlè rẹ̀ sẹ́yìn etí:
ihò bíńtín kan wà níbẹ̀, lókè, níbi tí etí ti pàdé ẹ̀rẹ̀kẹ́,
èyí tí èmi náà ní,
tí omi máa ń jáde lára rẹ̀ nígbà òjò.

Lábẹ́ àwòrán mi, mo kọ:
ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ti igi kan.
Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ó ṣeé ṣe.
Ìyá mi ní tirẹ̀ kò kọ nǹkan kan.
Ó ní kí wọ́n lọ gbé omi ìwẹ̀ kaná.