Ọ̀sẹ̀ Àìwú

Oṣù Épírì ti wọlé ní Regina,
yìnyín ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa
bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Mo tú ilé.
Mo gbọn èérún búrẹ́dì kúrò nínú ẹ̀rọ tí ń yan án,
mo ṣa èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó Ìbídùnní nínú mọ́tò,
tó ti gbẹ, tó le bí òkúta wẹ́wẹ́.
Agolo yíìsì, bísíkíìtì, kéèkì tó ṣẹ́ kù,
mo kó gbogbo rẹ̀ lọ fún Halyna, aládùúgbò wa.
Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín:
"Ọdún yìí náà?"
Ọdún yìí náà ni.

Lálẹ́, awuyewuye dé.
Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ìlá Ọ̀ràngún wá bá wa tọ́mọ,
ṣí fírísà, wọ́n fa ọ̀rá kan yọ:
"Irú ńkọ́? Ṣé irú náà ti di ará Íjíbítì ni?"
Ọkọ mi, alàgbà ìjọ, gbé Bíbélì.
Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.
Kò sí irú níbẹ̀.
"Irú a máa rùn," ni Màmá wí. "Ta ló rí i kó wú rí?"
Ìbídùnní, ọmọ ọdún méje, nawọ́ sókè bí ẹni wà ní kíláàsì:
"Àkàrà ńkọ́? Bíbélì ní àkàrà àìwú,
àkàrà Màmá sì máa ń wú nínú epo."

Ilé pa lọ́lọ́.

"Ọwọ́ mi ni mo fi pò ó,"
Màmá dáhùn níkẹyìn. "Ọwọ́ kì í ṣe ìwúkàrà."
A gbà bẹ́ẹ̀.
Irú lọ sí gáréèjì, kí iyàn má baà di òru.

Oko kan nítòsí Lumsden ni a ti ra àlìkámà.
Mo lọ̀ ọ́ tèèpo-tèèpo láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé,
lórí ẹ̀rọ kékeré tí a ń fọwọ́ yí,
tó ń dún bí ẹni tó ń hanrun.
Ìyẹ̀fun rẹ̀ pọ́n díẹ̀, bí iyanrìn ọ̀nà ilé wa.
Omi, iyọ̀, òróró díẹ̀. Ó tán.
N kò ní jẹ́ kó sinmi. N kò ní faṣọ bò ó.
Àwọn tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́,
ẹsẹ̀ wọn ti wà ní títì.

Mo mọ ìyára yẹn.
Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀,
ìyá mi sọ mọ́ín-mọ́ín kalẹ̀ kó tó jinná,
ó fi ìró rẹ̀ wé e, ó ní kí n jẹ ẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú.
Àárín rẹ̀ ṣì ń ṣomi.
Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ewé.
Irú rẹ̀ kò tíì tún kàn mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀wà pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àjẹkù ìkórè.
Ọjọ́rú, ẹja adágún, àlùbọ́sà,
àti ẹ̀fọ́ kéèlì, tí Màmá ní ó le bí bàtà sójà,
tí wọ́n sì tún bù lẹ́ẹ̀mejì.
Ní Ọjọ́bọ̀, ó sú àwọn ọmọ.
Ọlábọ̀dé ní òun lálàá búrẹ́dì,
ó rọ̀ bí ìrọ̀rí, ó ń pe òun lórúkọ.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.
N kò sọ fún un pé èmi náà lá a.

Òru Ẹtì, mo ti ibi iṣẹ́ dé láti ilé ìwòsàn,
yìnyín kún bàtà mi.
Mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn.
Màmá jókòó sínú òkùnkùn ilé ìdáná,
ọbẹ̀ gbígbóná níwájú wọn,
àkàrà pẹlẹbẹ lọ́wọ́.
Wọn ò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀.
Wọ́n fà á ya, wọ́n na ìdajì sí mi.
Kò wú rárá,
ṣùgbọ́n a yó.

Kí Alàgbà tó jí, a ṣí fèrèsé.
Òtútù wọlé,
irú jáde.