Etí Tó Tẹ̀

Ìdí Òkè Elérin ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.
Mo fa gíà sí ẹlẹ́ẹ̀kejì kí n lè rí òkè náà gùn,
ó ní òun ò lọ.
Mo tún un fà,
ó fo èyí tí mo bẹ̀ ẹ́ sí, ó lọ há sáàárín méjì,
ṣéènì ń ké kà-kà-kà
bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò,
ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí pẹ́dàlì.
Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò dúró lẹ́bàá ọ̀nà:
“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o!”
Wọ́n fi àpò ìwé bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni.
Àwo eléyín méje ló tò sẹ́yìn rẹ̀.
Ẹni tó kó o dé láti Kútọnu
kò sọ fún mi pé àwo méje, ìwà méje ni.

Abẹ́ igi máńgòrò ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n
ni Bàbá Súnmọ́nù ti ń tún ológeere ṣe,
ó ti lé ní ogójì ọdún,
àwọn ológeere àtijọ́
tí kò mọ̀ ju ká gùn ún, ká sọ̀ lọ.
Ó dojú kẹ̀kẹ́ mi dé, táyà kọjú sọ́run.
Ó ta epo sí ṣéènì.
Kà-kà-kà.
Ó ní wáyà ló dẹ̀,
pé wáyà tuntun a máa dẹ̀ bí okùn kànga tuntun.
Ó yí kóńkó ìdí rẹ̀ ní ìdajì,
ó tún yí i ní ìdajì.
Mo fọwọ́ yí pẹ́dàlì:
ẹlẹ́ẹ̀kan, ó dára,
ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó dára, a ti ń fẹ́ yọ̀,
ẹlẹ́ẹ̀kẹta,
kà-kà-kà.
Bàbá tú u, ó dè é.
Ó bú Kútọnu.
Ó bú ẹni tó kọ́kọ́ sọ
pé eyín kan ò tó kẹ̀kẹ́ í fi jẹ òkè.

Mọríliátù, ọmọ ọmọ rẹ̀,
ń ṣa máńgòrò tí atẹ́gùn gbọ̀n sílẹ̀.
Ó gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára,
ó lóṣòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di ojú kan.
Kò fọwọ́ kan nǹkan kan.
Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Bàbá, ẹ wo etí irin tí apá gíà fi rọ̀.
Ó ti tẹ̀ wọnú.
Apá ò kọjú sí eyín mọ́.
Bí ẹ bá fa wáyà dé Arọ́jẹ, kò ní gbọ́.”
Ó wá yíjú sí mi:
“Tíṣà, ṣé kẹ̀kẹ́ yìí ti ṣubú rí?”

Mo ní rárá.

Ó wo orúnkún ṣòkòtò mi,
níbi tí télọ̀ ti fi òwú dúdú rán kákì.
Kò sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Ó ṣubú.
Tákié ni, lọ́jọ́ òjò àkọ́rọ̀,
mo ń yà fún akẹ́rù,
ọ̀tún ni a gbà balẹ̀, òun nísàlẹ̀, èmi lókè.
Mo dìde wéré, mo gùn ún lọ
bí ẹni tí ohunkóhun ò ṣe.
Mo bo ìtìjú mi mọ́lẹ̀.
Irin ò bá mi bò ó.

Bàbá fi sípánà gbá etí náà mú,
ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó há èémí mọ́nú,
torí irin tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè padà,
èyí tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, dídá ló ń dá.
Mọríliátù ń darí rẹ̀ látẹ̀yìn:
“Síta. Síta díẹ̀ sí i. Ó tó!”

Mo yí pẹ́dàlì.
Láti orí ẹyọ kan dé orí méje,
ṣéènì ń gun àwo, ó ń sọ̀ nínú àwo,
ìró rẹ̀ ò ju ti òjò wínníwínní lórí ewé.

Owó epo nìkan ni Bàbá gbà.
Ó ní ti etí, kí n san án fún ọmọ.
Ọmọ ní kí n gbé e fún télọ̀,
ìránṣọ yẹn ò dáa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo dé ìdí Òkè Elérin.
Mo fa ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé wọ́ọ́rọ́.
Mo gun òkè dé ṣóńṣó, n ò sọ̀ kalẹ̀.
Kò sí ọmọ kankan lẹ́bàá ọ̀nà
tí ì bá rí mi.